Igún Kò Gbọdọ̀ Parẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá àwọn òǹkàwé wa sọ lónìí, pàápàá jù lọ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n fi Mpape àti àwọn àdúgbò mìíràn ní Àbújá ṣe ibùgbé, lè dà bí ọ̀rọ̀ tí kò kan ẹnikẹ́ni ní àkọ́gbọ́. Ọ̀rọ̀ igún ni. Ẹyẹ tí orí rẹ̀ pá, tí ó ń rùn, tí òkú ẹran àti ìdọ̀tí jẹ́ oúnjẹ rẹ̀, tí a sì máa ń fi orúkọ rẹ̀ bú ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá fani mọ́ra, òun ni a ń bẹ̀ yín pé kí ẹ dá sí.

A mọ èsì tí ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ fọ̀. Ẹni tí ó ń gbé lórí òkè Mpape, níbi tí àwọn Gbagyi tí wọ́n ni ilẹ̀ ti fi òkúta sọ ìlú wọn lórúkọ, mọ ohun tí à ń pè ní ìnira. Ní 2012 ni ìròyìn kàn pé a ó wó àwọn ilé ibẹ̀, títí tí ọ̀rọ̀ náà fi di ti ilé ẹjọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ilẹ̀ mì tìtì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ẹni tí ó ti la irú èyí kọjá, tí ó sì ń jí ní ìdájí láti wọ ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ní Maitama tàbí Wuse, lè bi wá pé ṣé ènìyàn ti rí ibi fẹ̀yìn tì tán ni, tí ọ̀rọ̀ fi kan ẹyẹ? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, a kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Àwọn mìíràn ń wí pé Ọlọ́run tí ó dá ẹ̀dá ni ó mọ èyí tí yóò kù àti èyí tí yóò lọ, pé ọ̀pọ̀ ẹranko ni ó ti parẹ́ kí a tó bí baba ńlá wa, ayé kò sì tìtorí rẹ̀ dúró. Òótọ́ ni pé wọ́n parẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá tí ọjọ́ rẹ̀ pé yàtọ̀ sí ẹ̀dá tí a fi májèlé sínú ẹran dè lọ́nà. A kò lè fi ọwọ́ ara wa pa nǹkan tán kí á wá sọ pé Elédùmarè ni ó mú un lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ọgọ́ta ọdún lè jẹ́rìí sí ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Nígbà tí ẹ wà ní kékeré, kò sí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo tàbí ní Ìlọrin tí igún kì í bà lé òrùlé ibẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí ìlú kò rí igún rí àfi nínú àwòrán. Ní 2015, IUCN, àjọ àgbáyé tí ó ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu, fi irú igún tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín wa sí ìpele tí ó kẹ́yìn kí a tó wí pé ẹ̀dá kan kò sí nínú igbó mọ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sì yẹ irú igún 8 wò káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé 7 nínú wọn ni ó ti dín kù ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìran mẹ́ta. Nínú ikú igún tí wọ́n rí àkọsílẹ̀ rẹ̀, májèlé ni ó fa 61 nínú ọgọ́rùn-ún, òwò oògùn ìbílẹ̀ sì fa 29.

Iye tí a dárúkọ gbẹ̀yìn yìí ni ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin ni òwò orí igún, ìyẹ́ rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ ti gbilẹ̀ jù lọ. Ẹni tí ó fẹ́ jẹ tẹ́tẹ́ ń wá a. Ẹni tí ó fẹ́ kí ọjà òun tà ń wá a, ẹni tí ó sì fẹ́ mọ ohun tí ọ̀la yóò bí ń wá a pẹ̀lú. Nítorí pé igún ti wọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, ìhà àríwá àti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó bá wa pààlà ni wọ́n ti ń pa ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ń dé àtẹ àwọn lékulẹ́ja. Ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀ ni ará ilé máa ń rán ní nǹkan. Àbújá sì wà ní agbede-méjì ọ̀nà.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni pé àṣà wa gan-an kò fi àyè gba ìwà yìí. Èèwọ̀ ni àwọn baba wa kà á sí láti pa igún, èèwọ̀ ni láti jẹ ẹ́, èèwọ̀ sì ni láti fi bọ orí. Bí wọ́n bá ń wúre ẹ̀mí gígùn fún ọmọ, igún tí kì í kú ní kékeré ni wọ́n ń fi í wé. Wọ́n gbà pé bí igún kò bá wá síbi ẹbọ, ẹbọ náà kò tíì dà. Ta ni yóò wá gba ẹbọ lọ́wọ́ ẹni tí ó ti fi agbẹbọ ṣe àgúnmu? Àwa kì í ṣe onífá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa sì jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Onígbàgbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń fi orúkọ ìbílẹ̀ ta orí igún ń pa irọ́ mọ́ àwọn baba wa.

Kì í sì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Guinea-Bissau, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, igún tí ó lé ní 2,000 ni wọ́n fi májèlé pa, nítorí orí wọn tí wọ́n fẹ́ fi ṣe oògùn.

Wàyí o, kí ni èrè igún fún ẹni tí ó ń wá owó ilé? Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Íńdíà. Láti bí ọdún 1990 síwájú ni igún ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí kú lọ rẹrẹẹrẹ, títí ó fi jẹ́ pé èyí tí ó kú nínú àwọn irú tí ó wọ́pọ̀ jù ju 95 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní 2004 ni wọ́n tó mọ ohun tí ó ń pa wọ́n: diclofenac, oògùn ara ríro kan náà tí à ń rà ní kẹ́míìsì, ni àwọn olówó ẹran ń fún màlúù, òkú màlúù náà sì di májèlé fún igún. Ìjọba ibẹ̀ fi òfin de lílò rẹ̀ fún ẹran ní 2006, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Òkú màlúù ń jẹrà nílẹ̀, ajá ìgboro pọ̀ sí i, àrùn ajá dìgbòlugi sì gbilẹ̀. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì gbé ìṣirò kan jáde ní 2024, wọ́n ní láàárín 2000 sí 2005, nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ó kú tí kì bá tí kú bí igún bá wà. Ènìyàn ni a wí o, kì í ṣe ẹyẹ.

Mpape kò jìnnà sí irú ewu bẹ́ẹ̀ bí a ti rò. Ní oṣù keje ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé àrùn áńtíráàsì ti pa ẹran ní oko kan ní Gajiri, ní ẹ̀gbẹ́ Suleja, lójú ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná. Oró inú igún lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè jẹ òkú ẹran tí ó ní irú àrùn bẹ́ẹ̀ kí ohunkóhun má ṣe é. Ajá kò lè ṣe é, eku kò sì lè ṣe é. Ńṣe ni àwọn yẹn ń gbé àrùn wá sí ẹnu ọ̀nà wa. Ní àdúgbò tí ènìyàn pọ̀ tí ọkọ̀ akólẹ̀ sì wọ́n, igún jẹ́ òṣìṣẹ́ tí kì í gba owó oṣù. Ẹyin kan ṣoṣo ni abo rẹ̀ sì ń yé lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gba ọ̀pọ̀ oṣù kí ọmọ rẹ̀ tó lè fò, nítorí náà kò rọrùn láti dá èyí tí a ti pa padà.

Ní ti òfin, Nàìjíríà ti ní èyí tí ó de òwò irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ láti 1985, a sì tún un ṣe ní 2016. Ní 2025 ni àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì ní Àbújá fọwọ́ sí àbá òfin tuntun tí ó mú ìjìyà le sí i. Lójú tiwa, òfin dára, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kò lè dúró sí ẹnu ọ̀nà gbogbo oníṣègùn. Ohun tí ó dùn mọ́ wa ju òfin lọ ni iṣẹ́ Nigerian Conservation Foundation, àjọ tí Olóyè S. L. Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́, dá sílẹ̀ ní 1980. Àwọn ni wọ́n ń jókòó ti àwọn oníṣègùn láti wá ewé àti egbò tí a lè lò dípò igún. Wọn kò bú oníṣègùn, wọn kò sì gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

A ń rọ àwọn olórí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Mpape, àti àwọn tí wọ́n wà ní Kánò, Jọ́s àti Mínà, kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí sí iwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Kí àwọn àgbà tí ó mọ èèwọ̀ náà sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò gbọ́ ọ rí. Kí oníṣègùn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ náà sọ ewé tí òun ń lò. Bí ará ilé bá sì ránṣẹ́ pé kí ẹ bá òun wá orí igún láti ìhà ọ̀hún, ẹ dá a lóhùn pé ẹ kò ní rán an.