Ojú Kò Rí Inú Ẹran

Mo gbọ́ ọ níbi àjọyọ̀ kan ní Kétu, mo sì tún gbọ́ ọ ní yàrá àwọn olùkọ́: pé ẹni tó bá ra òṣùwọ̀n ooru, èyí tí a ń pè ní thermomètre lédè Faransé, láti fi yan ẹran nílé rẹ̀, àṣà òyìnbó ló ń ṣe, pé àwọn ìyá wa kò lò ó, ẹran wọn sì jinná.

Òtítọ́ ni pé ẹran wọn jinná. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé wọn kò ní òṣùwọ̀n? Wọ́n á kọ́kọ́ bọ ẹran nínú ìkòkò pẹ̀lú ata àti iyọ̀, kí wọ́n tó dín in tàbí kí wọ́n gbé e sórí iná. Omi tó ń hó, 100°C ni, níhìn-ín tí ilẹ̀ wa kò fi púpọ̀ ga ju òkun lọ. Òṣùwọ̀n wọn nìyẹn. Ní ti ẹja yíyan etí ọ̀sà, gbígbẹ rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Àwa la fo ìkòkò dá. A fẹ́ gbé ẹran tútù lé èédú tààrà, a fẹ́ kí omi wà nínú rẹ̀, a tún ń pe àwọn ìyá wa ní ẹlẹ́rìí!

Èmi tí mò ń kọ́ni ní físíìsì ṣe é lọ́dún tó kọjá. Itan adìẹ inú yìnyín ni. Ẹ̀bá eegun rẹ̀ kò tíì yọ́ tán. Ìta rẹ̀ dúdú, ó ń dán, mo ní ó ti jinná. Òru ọjọ́ náà ni èébì àti ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi wí. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Wọ́n á ní ká wo àwọ̀. Ẹran tí a fi èéfín yan lè pọ́n létí bí ó tilẹ̀ ti jinná. Ẹran lílọ̀ sì lè ti pa àwọ̀ dà kí kòkòrò inú rẹ̀ tó kú. Adìẹ ń fẹ́ 74°C ní àárín; ẹran lílọ̀, 71°C; odidi ègé màlúù tàbí àgùntàn, 63°C, ká sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Èwo ni ká rà? Kì í ṣe ìbọn tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí nígbà àrùn Kòrónà: ìta nìkan ló ń kà. Èyí tó ní ojú bí aago gbọ́dọ̀ wọnú ẹran tó sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí 6 kó tó sọ òótọ́. Itan adìẹ wo ló jìn tó bẹ́ẹ̀? Ẹ ra èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín, tó ń fi nọ́ńbà hàn kíákíá, tí bátìrì rẹ̀ sì wà lọ́jà. Ẹni tó ń fi èéfín yan ẹran fún ọ̀pọ̀ wákàtí nìkan ló nílò oníwáyà, kó má baà máa ṣí ìdérí kí ooru máa sá lọ. Èyí tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, ẹ fi owó rẹ̀ ra èédú.

Ẹ kọ́kọ́ tì í bọ inú ife yìnyín fífọ́ àti omi díẹ̀: 0 ló gbọ́dọ̀ kà. Níbi tó ki jù nínú ẹran ni kí ẹ gún un sí, kó má kan eegun.

Bí ẹgbẹ́ wa bá tún fẹ́ yan adìẹ fún àwọn ọmọ, n ó mú tèmi wá. Ẹni tó bá ní ojú òun tó, kó dúró tì mí, kó sọ iye tí itan náà jẹ́ kí n tó gún un.