Ẹ Yẹ Irinṣẹ́ Ọ̀fẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Gbé E Wọlé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ètò tí kò ní bọ́tìnì, tó jẹ́ pé àṣẹ lèèyàn ń tẹ̀ sójú tẹ́míná kó tó dáhùn, ẹ má fọwọ́ ara yín gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ti ṣe irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kódù inú wọn sì wà ní gbangba.

Ká ní ẹ ń kọ ètò tí alájọ máa fi ṣírò owó. Irinṣẹ́ argparse, tó ń ka àṣẹ tí èèyàn tẹ̀, ti wà nínú Python láti ọdún 2010. Ẹ sọ fún un pé nọ́ńbà ni iye owó gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí alájọ bá tẹ "ogun" dípò 20, argparse á kọ̀ ọ́, á sì tọ́ka síbi tí àṣìṣe wà. Bó bá tẹ --help, àlàyé á jáde fúnra rẹ̀. Fún èdè Go, Cobra wà; òun ni wọ́n fi ṣe kubectl tó ń darí Kubernetes.

Àmọ́ ti pé ó jẹ́ ọ̀fẹ́ kò ní ká di ojú gbà á. Ẹ wo colors, irinṣẹ́ kan fún èdè JavaScript. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó fi àwọ̀ kun ọ̀rọ̀ ní tẹ́míná lọ, síbẹ̀ ẹgbàágbèje ètò ló gbára lé e. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ẹni tó kọ ọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ba ẹ̀dà 1.4.1 jẹ́. Ètò tó gbé e wọlé nígbà náà tẹ "LIBERTY", ó wá ń tẹ wúruwùru lọ láìdáwọ́ dúró.

Ta ló kó sí i? Àwọn tó kọ "^1.4.0" sínú package.json, fáìlì tó ń to irinṣẹ́ tí ètò wọn ń lò, ni. Àmì kékeré tó rí bí òrùlé yẹn ń sọ fún npm, tó ń gbé irinṣẹ́ JavaScript wọlé, pé kó mú ẹ̀dà tó bá tún jáde wá, bí kò bá ṣáà ti dé 2.0.0. Ẹni tó fojú àná wòkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ.

Nítorí náà, ẹ ka orúkọ irinṣẹ́ dáadáa, torí àwọn olè máa ń gbé ayédèrú tó jọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ wò ó bóyá àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ju ẹnì kan lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà gan-an, kí ẹ sì tọ́jú package-lock.json, fáìlì tí npm ń kọ ẹ̀dà tó gbé wọlé sí. Bí àtúnṣe ààbò bá dé, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà yín kó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà.

Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ ṣí package.json yín, kí ẹ ka iye òrùlé tó wà nínú rẹ̀.