Ọkọ̀ fàájì ìrọ̀lẹ́ lórí ọ̀sà Èkó: Tí oòrùn bá wọ̀ tán, ta ló ń ṣọ́ àwọn èrò?

Bí èèyàn bá dúró sí ẹnu géètì Ẹ́sítéètì Thomas ní Ajah lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, kò ní í ṣàì rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n múra bí ẹni ń lọ sóde, tí wọ́n ń wá mọ́tò tí yóò gbé wọn lọ sápá Fikitóríà Áílàndì. Òde ìgbéyàwó kọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń lọ, kì í sì í ṣe ilé ijó. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fẹ́ẹ́ lọ wọ̀, èyí tí yóò gbé wọn káàkiri ojú ọ̀sà títí oòrùn yóò fi wọ̀, tí orin yóò máa dún, tí ẹlẹ́ran yóò máa sun ẹran, tí kálukú yóò sì máa ya fọ́tò pẹ̀lú oòrùn tó ti pọ́n bí epo lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé omi tí wọ́n ń sáré lọ bá yìí kò jìnnà sí ilé wọn. Àárín omi méjì ni gbogbo ilẹ̀ Lẹ́kkí títí dé Ajah wà: òkun wà ní gúúsù, ọ̀sà wà ní àríwá. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Ajah wà nínú rẹ̀, ìyẹn Etí-Ọ̀sà, ti ṣàlàyé ara rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó ń gbé létí ọ̀sà ní láti kọ́kọ́ jẹ ìyà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ kó tó débi tí yóò ti fi owó ara rẹ̀ wo ọ̀sà.

Fàájì náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun àbùkù. Àwọn ìlú tó wà létí òkun Mẹditaréníà ti ń fi i pawó tipẹ́. Ní Barcelona, lórílẹ̀-èdè Sípéènì, láti ọdún 1888 ni àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Las Golondrinas, ìyẹn alápàńdẹ̀dẹ̀, ti ń gbé àwọn olùgbafẹ́ yí èbúté ìlú náà ká. Àwọn àlejò tó dé ibẹ̀ ya fọ́tò oòrùn tó ń wọ̀, wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọ̀dọ́ Èkó náà rí i, wọ́n wo ọ̀sà tó wà níwájú wọn, wọ́n sì bi ara wọn pé kí ló dé tí tiwọn kò fi lè rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ẹni tó bá wà lójú omi lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tó kọjá lábẹ́ afárá tó so Lẹ́kkí pọ̀ mọ́ Ìkòyí, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2013, tó wá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn níbi tí afárá kẹta ti nà gbọọrọ gba ojú ọ̀sà, kò ní í sọ pé Èkó kò lẹ́wà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tó gbé àṣà yìí wọlé kò fi bẹ́ẹ̀ ronú lé lórí, oòrùn fúnra rẹ̀ ni. Ní Barcelona, bí oṣù kẹfà ọdún bá dé, aago mẹ́sàn-án alẹ́ máa ń kọjá kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tó ṣíwọ́ iṣẹ́ ní aago mẹ́fà ṣì ní ìmọ́lẹ̀ wákàtí mẹ́ta níwájú. Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ìlú náà sún mọ́ ìlà tó pín ayé sí méjì, ọ̀sán àti òru rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn dọ́gba láti oṣù kìíní títí dé oṣù kejìlá. Kódà nínú oṣù keje, tí oòrùn ń pẹ́ jù lọ kó tó wọ̀, kì í ju bí aago méje alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Bó bá sì ti wọ̀, kì í fi falẹ̀. Láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ilẹ̀ ti ṣú. Ìtumọ̀ èyí kò le: ọkọ̀ tó bá dúró lójú ọ̀sà títí oòrùn fi wọ̀, inú òkùnkùn ni yóò ti wá ọ̀nà padà sí èbúté.

Òkùnkùn ojú ọ̀sà Èkó kì í sì í ṣe òkùnkùn lásán. Igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, àwọ̀n wọn wà níbẹ̀, òkú ọkọ̀ tó ti rì látijọ́ wà nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìtì igi tó já kúrò nínú èyí tí wọ́n ń fà lójú omi máa ń léfòó kiri láìsí ẹni tó mọ olówó rẹ̀. Ewéko ojú omi tó wọ ilẹ̀ wa láti apá Àgbádárìgì lọ́dún 1984 náà ṣì ń bọ̀ lọ́dọọdún, ó sì máa ń lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì títí tí ẹ́ńjìnnì yóò fi kú. Ní ọ̀sán, atukọ̀ tó mọ iṣẹ́ ń rí gbogbo rẹ̀, ó sì ń yà fún un. Ní alẹ́, orí ló ń bá a wà á.

Ìdí nìyí tí LASWA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi ní ìpínlẹ̀ Èkó, àti NIWA tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, fi ń tẹnu mọ́ ọn lemọ́lemọ́ pé ọkọ̀ ojú omi akérò kò gbọdọ̀ rìn lóru. Ní oṣù keje ọdún 2022, ọkọ̀ kan tó gbéra lálẹ́ láti Máìlì Tuu, tó ń lọ sí Ìbẹ̀ṣẹ̀, dojú dé, àwọn tó bá a lọ sì lé ní mẹ́wàá. LASWA sọ nígbà náà pé àkókò tí kò yẹ kí ọkọ̀ wà lójú omi ló gbéra.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Bí èèyàn bá yẹ àwọn ìjàǹbá ojú omi tó le jù lọ láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn wò dáadáa, yóò rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tó kú kì í ṣe ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ibi ìgbéyàwó ni àwọn ará Pàtígi ní ìpínlẹ̀ Kwara ti ń bọ̀ lóru, tí ọkọ̀ wọn fi rì, tí èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún kú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ayẹyẹ Máúlídì ló kó àwọn èrò jọ sínú ọkọ̀ kan lálẹ́ ní agbègbè Mokwa, ìpínlẹ̀ Niger, kó tó dà wọ́n sómi. Ohun kan náà ló wà nínú méjèèjì: inú dídùn, èrò tó pọ̀ ju agbára ọkọ̀ lọ, àti òru. Ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn kì í ka èrò inú ọkọ̀. Ẹni tó mutí kì í béèrè pé èwo ni láìfù jákẹ́ẹ̀tì òun. Ọ̀rọ̀ láìfù jákẹ́ẹ̀tì yìí kò sì mọ lóru nìkan. Ojúmọmọ ni Junior Pope, òṣèré tí gbogbo èèyàn mọ̀, wà lójú omi lọ́jọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin, ọdún 2024, tó ń ti ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù bọ̀, kò sì wọ̀ ọ́. Omi gbé òun àti àwọn mìíràn lọ.

Níbi tí ọ̀rọ̀ wá dé yìí, ìbéèrè tó yẹ kí àwọn aláṣẹ dáhùn ni pé, kí ni ọkọ̀ fàájì jẹ́ lójú òfin? Àwọn tó ni wọ́n máa ń sọ pé ọkọ̀ àdáni ni, pé àwọn kì í ṣe akérò, pé àlejò ni àwọn gbà. Àwíjàre yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó sanwó kí wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀, èrò ni, ì báà jẹ́ Ìkòròdú ló ń lọ tàbí kò tilẹ̀ sí ibì kan tó ń lọ. Bí òfin bá de ọkọ̀ tó ń gbé ìyá alẹ́ja lọ sílé, kò yẹ kó yọ èyí tó ń gbé ọmọ olówó ṣe fàájì sílẹ̀. Àní, ọkọ̀ ìyá alẹ́ja ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣàánú fún, nítorí òun ní ibi tó ń lọ.

Ta ni yóò wá mú òfin náà ṣẹ? Ọ̀rọ̀ yìí ti di ẹjọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ọdún 1997 ni ìjọba ológun fi òfin gbé NIWA kalẹ̀. Ọdún 2008 ni ìpínlẹ̀ Èkó dá LASWA tiẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ní ọkọ̀ ti ń ké pé àwọn kò mọ ẹni tí àwọn ìbá sanwó fún. Ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ dá NIWA láre lọ́dún 2014. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà lọ́dún 2017, ó dá Èkó láre. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, oṣù kìíní, ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa sọ pé NIWA ló ni àṣẹ lórí ọ̀nà omi abẹ́lé. Ẹjọ́ parí síbẹ̀ nínú ìwé. Lójú omi, LASWA ló ṣì ń kọ́ èbúté, òun ló ṣì ń yọ òkú nínú omi, àwọn èrò sì mọ òun ju ẹlòmíràn lọ. Àjọ méjì tó ń du owó ìwé àṣẹ fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, èwo nínú wọn ló ráyè dúró sí èbúté ní aago mẹ́fà ààbọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti ka orí àwọn tó ń wọlé sínú ọkọ̀ fàájì?

Àwọn kan ní kí wọ́n kúkú fòfin de gbogbo rẹ̀. Èyí náà kò dára tó. Iṣẹ́ pọ̀ nídìí ọkọ̀ fàájì: atukọ̀, ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, alásè, olórin, ayàwòrán. Ọmọ Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn pọ̀ nínú àwọn tó ń wa ọkọ̀ lójú ọ̀sà, nítorí pé omi ni wọ́n bí wọn sí. Yàtọ̀ sí èyí, alẹ́ fúnra rẹ̀ kọ́ ni ọ̀tá. Ọkọ̀ ń rìn lóru ní ọ̀pọ̀ èbúté ayé, nítorí pé wọ́n fi iná sàmì sí ojú ọ̀nà omi, wọ́n gbẹ́ ẹ jinlẹ̀, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní iná tirẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Bí irú rẹ̀ bá wà ní Èkó, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi máa sá fún òkùnkùn. Nígbà tí kò tíì sí káàkiri, aago ni kí wọ́n tẹ̀ lé: kí ọkọ̀ fàájì gbéra ní aago mẹ́rin, kó ti wà létí èbúté kí oòrùn tó wọlẹ̀ tán, kí àwọn èrò rẹ̀ sì ya fọ́tò ìyókù lórí ilẹ̀.

Bí wọ́n bá ń ya fọ́tò ọ̀hún, ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wò. Etí ọ̀sà tó mọ́ rekete tí wọ́n ń kọjá lẹ́yìn Lẹ́kkí kò ṣófo látìbẹ̀rẹ̀. Abúlé apẹja Ọ̀tọ́dó-Gbàmé wà níbẹ̀ títí di oṣù kọkànlá ọdún 2016, tí wọ́n dáná sun ilé wọn, tí wọ́n fi katakata wó o. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin ọdún 2017, kò sí ẹnikẹ́ni mọ́ níbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n èèyàn ni àjọ Amnesty International ní ọ̀rọ̀ náà kàn. Ilé-ẹjọ́ gíga Èkó sọ nínú oṣù kẹfà ọdún náà pé lílé tí wọ́n lé wọn kò bá òfin ilẹ̀ wa mu. Àwọn tó mọ ibi tí ọ̀sà jìn sí àti ibi tí kò jìn sí, àwọn tí ìbá jẹ́ atọ́nà fún ọkọ̀ ẹlòmíràn, ni wọ́n kó kúrò létí omi.

Lọ́dún 2025, ìjọba Gómìnà Babajide Sanwo-Olu bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Omi Èkó, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilẹ̀ Faransé àti àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù. Owó tí wọ́n ní yóò ná wọn jẹ́ mílíọ̀nù 410 owó Yúrò, ọ̀nà omi 15 ni wọ́n fẹ́ẹ́ tún ṣe, èbúté 25, pẹ̀lú ọkọ̀ oníná mànàmáná tó lé ní 75. Ìlérí bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Èkó. Láyé ìjọba Lateef Jakande ni ọkọ̀ Baba Kékeré àti Ìtà-Fájì ti ń gbé èrò lójú ọ̀sà, bí ìjọba sì ti lọ ni iṣẹ́ náà rọ. Ohun tó wà nínú ti lọ́tẹ̀ yìí fún ará Ẹ́sítéètì Thomas ju fàájì lọ. Èbúté wà ní Badore, nínú Ajah, níbi tí àwọn èèyàn ti ń sọdá sí Ìjẹ̀dẹ́. Bí wọ́n bá fi iná sàmì sí ọ̀nà omi láti ibẹ̀ dé Fálọmọ, ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ yóò bọ́ lọ́wọ́ ojú títì, ẹni tó sì fẹ́ẹ́ wo oòrùn nírọ̀lẹ́ yóò wò ó nínú ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ wálé, láìsan owó orin.

Oṣù kejìlá ni àwọn ọlọ́kọ̀ fàájì ń pawó jù lọ, nígbà tí àwọn ọmọ wa tó wà ní ìlú òyìnbó bá wálé ọdún, tí wọ́n ń gba ọkọ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Lóṣù náà gan-an, oòrùn Èkó ti máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀, ọyẹ́ a sì máa bo ojú ọ̀sà débi pé iná afárá kẹta kì í hàn dáadáa láti òkèèrè.