Àjẹìwẹ̀yìn Létí Òkun

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ibi oúnjẹ ni òwe yìí ti wá. Àgbà ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé oúnjẹ fún. Àwọn ọmọdé á dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á máa wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ láàárín igbá àti ẹnu. Ohun tí àgbà bá ṣẹ́kù ni tiwọn, àwọn náà ni yóò sì palẹ̀ mọ́, tí wọn yóò gbé igbá lọ fọ̀. Kò sí òfin tó ní kí àgbà fi nǹkan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ha ìsàlẹ̀ igbá, tó lá ọbẹ̀ gbẹ, àwọn ọmọ á ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ kí ó tó nu ẹnu tán. Òun àti igbá òfìfo ló kù.

Òwe náà kò bá àgbà wí pé ó jẹun. Àgbà gbọ́dọ̀ jẹun. Ó bá a wí pé ó ń jẹ, kò bojú wẹ̀yìn. Ẹni tí yóò bojú wẹ̀yìn ní láti kọ́kọ́ dá ọwọ́ dúró, kí ó gbójú kúrò nínú oúnjẹ. Nínú bí ọmọ aráyé ṣe ń lo ilẹ̀, omi, igi àti epo lónìí, ìdáwọ́dúró yẹn gan-an ló ṣọ̀wọ́n. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń pe ènìyàn jọ sí etí òkun fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ ṣe àṣàrò, kí wọ́n sì kọ́ bí ènìyàn ṣe ń jẹ tó ń ṣẹ́kù. Ìpàgọ́ bẹ́ẹ̀ ti wá pọ̀ káàkiri ayé. Ọ̀kan tó lókìkí nínú wọn ni ti Findhorn, ní etíkun Moray ní àríwá Skọ́tílándì.

Ilẹ̀ ibẹ̀ ti mọ àjẹìwẹ̀yìn tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wá ṣe àṣàrò síbẹ̀. Ní òdìkejì ẹnu ọ̀sà Findhorn, ilẹ̀ oko ńlá kan wà nígbà kan tí wọ́n ń pè ní Culbin, ìdílé Kinnaird ló ni ín. Òkìtì iyanrìn wà láàárín oko yìí àti òkun, koríko líle kan tó ń hù létí omi ló sì fi gbòǹgbò di iyanrìn náà mú. Àwọn ará àdúgbò a máa fa koríko yìí tu, wọ́n fi ń bo òrùlé. Ẹni tó fa ìdì kan lónìí kò rí ohun tó bàjẹ́. Ẹni tó fa òmíràn lọ́la kò rí nǹkan kan náà. Ní ọdún 1694 ìjì ńlá jà, iyanrìn gbéra, ó bo oko, ó sì bo ilé. Kinnaird kọ̀wé sí ilé aṣòfin pé kí wọ́n dárí owó orí ji òun, nítorí ilẹ̀ tí òun ń san án lé lórí kò sí mọ́. Ní ọdún 1695 ilé aṣòfin Skọ́tílándì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa koríko tu lórí òkìtì iyanrìn mọ́. Òfin dé, oko ti lọ. Igbó páìnì tí ìjọba gbìn láti àwọn ọdún 1920 ló bo iyanrìn náà lónìí.

Lórí irú iyanrìn yìí ni Peter àti Eileen Caddy, àwọn ọmọkùnrin wọn mẹ́ta, àti ọ̀rẹ́ wọn Dorothy Maclean, ọmọ Kánádà, tẹ̀dó sí ní oṣù kọkànlá ọdún 1962. Iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Inú ilé onítáyà kan, irú èyí tí ọkọ̀ máa ń fà lọ síbi ìsinmi, ni wọ́n ń gbé, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tí kò níṣẹ́ ni wọ́n sì ń ná. Owó náà kò tó, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ọgbà.

Ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn kì í ṣe ilẹ̀ tí àgbẹ̀ ń yàn. Iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ni, omi kì í dúró nínú rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n kó ìgbẹ́ ẹṣin síbẹ̀, wọ́n kó ewé òkun tí ìgbì tì sí èbúté, wọ́n kó koríko tí àwọn ẹlòmíràn gé dànù àti ajẹkù ilé ìdáná. Wọ́n kó o jọ, wọ́n jẹ́ kó jẹrà, wọ́n sì fi bọ́ ilẹ̀. Láàárín ọdún mélòó kan, wọ́n ń ká kábéèjì tí ọ̀kan wọn fẹ́ẹ̀ tó kílò 18. Ìròyìn kábéèjì yìí ló kọ́kọ́ mú kí ayé gbọ́ orúkọ Findhorn. Àwọn tó gbìn ín sọ pé inú àṣàrò ni àwọn ti gbọ́ ohun tí ewébẹ̀ ń fẹ́, Maclean sì ní ẹ̀mí inú ohun ọ̀gbìn ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Àgbẹ̀ tó gbọ́ ìtàn ìgbẹ́ ẹṣin àti ewé òkun kò ní wá ìdí lọ jìnnà. Síbẹ̀, kò yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ wọn sẹ́yìn: ẹni tó jókòó ti ewébẹ̀ lójoojúmọ́ láìsọ̀rọ̀ yóò rí ohun tí ẹni tó ń kánjú kọjá kò rí.

Ibi tí Eileen Caddy ti ń ṣe àṣàrò tirẹ̀ yẹ ní mímọ̀. Ènìyàn mẹ́fà ló há sínú ilé onítáyà yẹn, kò sí igun kan tí ènìyàn ti lè dákẹ́ jẹ́ẹ́. Lóru, yóò wọ kóòtù rẹ̀, yóò rìn nínú òtútù lọ sí ilé ìyàgbẹ́ tí gbogbo ará ibùdó jọ ń lò, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò jókòó síbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Ohun tó ní òun gbọ́ níbẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀, ìwé rẹ̀ kan tó jáde ní ọdún 1986 sì di ìwé tí wọ́n ń kà káàkiri ayé. Àwọn tó ń polówó ìpàgọ́ etí òkun lónìí, tí wọ́n ń ya àwòrán aláṣọ funfun lórí iyanrìn nígbà tí oòrùn ń wọ̀, kì í fi ilé ìyàgbẹ́ sínú ìpolówó.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá, àwọn kan kò sì padà mọ́. Ní ọdún 1972 wọ́n forúkọ ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àjọ aláàánú. Ní ọdún 1975 wọ́n ra Cluny Hill, òtẹ́ẹ̀lì tí Peter Caddy ti ṣe máníjà rẹ̀ rí, wọ́n sọ ọ́ di ilé ẹ̀kọ́ àti ilé àlejò. Ní ọdún 1983 wọ́n ra ibùdó ilé onítáyà náà fúnra rẹ̀.

Bí ìgbé ayé ọ̀sẹ̀ kan ṣe rí níbẹ̀ títí di ọdún 2023 rọrùn láti ròyìn. Láàárọ̀, àwọn àlejò àti àwọn onílé á jókòó yí ká nínú yàrá àṣàrò, àbẹ́là kan á máa jó láàárín, ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀. Ibùdó àwọn ọmọ ogun òfuurufú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ní Kinloss títí di ọdún 2012, nítorí náà ìró bàálù ogun a máa gba orí wọn kọjá nígbà tí wọ́n bá dákẹ́. Lẹ́yìn àṣàrò, iṣẹ́ ló kàn. Ẹni tó sanwó wá yóò tu koríko, yóò bó ànàmọ́, yóò gbálẹ̀, yóò fọ abọ́ tí òun àti ẹlòmíràn jẹun nínú rẹ̀. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n á tún dákẹ́ ná. Ẹni tí kò bá tíì fọ abọ́ ogójì ènìyàn rí kò mọ bí ajẹkù tí à ń dà nù ṣe pọ̀ tó.

Inú ilé gíláàsì kan ni ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù wà, ọdún 1995 ni wọ́n kọ́ ọ. Nígbà náà, ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi ìdọ̀tí gbogbo àdúgbò a máa ṣàn wọ inú àwọn táǹkì tó tò tẹ̀ lé ara wọn níbẹ̀. Ewéko hù lórí táǹkì, gbòǹgbò wọn rì sínú omi. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò, wọ́n ń jẹ ìdọ̀tí náà. Bí omi ṣe ń ti inú táǹkì kan bọ́ sí èkejì ló ń mọ́ sí i, láìsí kẹ́míkà kankan. Ẹni tó wọ ibẹ̀ láìmọ ohun tó wà nísàlẹ̀ lè rò pé ọgbà òdòdó ni. Nínú gbogbo ohun tí ènìyàn ń ṣe lóòjọ́, kò sí èyí tí ènìyàn kì í fẹ́ bojú wẹ̀yìn wò tó ìyàgbẹ́: ó fa omi sí i, ó parí. Níbẹ̀, àlejò a máa tẹ̀ lé ohun tó fi sílẹ̀, a sì máa wo ibi tó já sí.

Ilé gbígbé náà ní ìtàn. Láti ọdún 1986 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àgbá igi ràgàjì tí àwọn olùpọn-ọtí wisikí ti lò gbó di ilé, nítorí igi rẹ̀ ṣì le kókó. Iná mànàmáná ń wá láti ara ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí: wọ́n gbé ọ̀kan kalẹ̀ ní ọdún 1989, wọ́n fi mẹ́ta mìíràn tí wọ́n ti lò rí kún un ní ọdún 2006, agbára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà náà jẹ́ kílówáàtì 750. Ní ọdún 2002 wọ́n tẹ owó tiwọn tí àwọn ará àdúgbò fi ń ra nǹkan lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n sọ ọ́ ní eko. Ọmọ Yorùbá tó bá rí i yóò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò kan ìlú Èkó rárá.

Nígbà tí àwọn olùwádìí ṣírò ohun tí àwọn ará Findhorn ń jẹ nínú ayé, láàárín ẹ̀wádún àkọ́kọ́ ọ̀rúndún yìí, wọ́n rí i pé kò ju nǹkan bí ìdajì ohun tí ará Bìrìtìkó ń jẹ lọ. Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ló fà á. Wọ́n jọ ń dáná, wọ́n jọ ń lo mọ́tò, ewébẹ̀ tí wọ́n gbìn nítòsí ni wọ́n ń jẹ. Ilé tí ènìyàn mẹ́wàá jọ ń yá iná rẹ̀ kò ná ayé tó ilé mẹ́wàá.

Àléébù kan wà tí kò ṣe é fi pamọ́. Púpọ̀ nínú àwọn àlejò ló ti òkè òkun wá. Ẹni tó wọ bàálù láti Amẹ́ríkà wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń dín èéfín kù ti tú èéfín tí ọ̀sẹ̀ kan ẹ̀fọ́ àti àbẹ́là kò lè san. Bó bá délé tó yí ìwà padà fún ọdún púpọ̀, ó lè jèrè. Bí kò bá yí i padà, ìgbafẹ́ ló lọ.

Òwe náà ní ibi tó mọ. Ó gbà pé ẹni tó jẹ náà ni yóò ru igbá. Lójú àgbàlá, bẹ́ẹ̀ ni, nítorí àwọn ọmọ lè sá. Létí òkun, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1947, ọdún 15 kí ìdílé Caddy tó dé Findhorn, àwọn ọmọ ìjọ aládùúrà kan tó yà kúrò nínú Kérúbù àti Séráfù tẹ Àyétòrò dó létí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Àdúrà ló kó wọn jọ, wọ́n sì pa ohun ìní wọn pọ̀: ọkọ̀ ojú omi, àwọ̀n, ilé iṣẹ́, oúnjẹ. Wọ́n ní iná mànàmáná tiwọn láàárín àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì wà nínú òkùnkùn. Lónìí òkun ti gbé ilé púpọ̀ níbẹ̀ lọ, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn sì wà nínú ohun tó gbé. Omi òkun ń ga sí i káàkiri ayé nítorí pé ooru ń yọ́ yìnyín, ó sì ń mú kí omi fúnra rẹ̀ fẹ̀. Èédú àti epo tí wọ́n ti sun fún nǹkan bí igba ọdún, èyí tó pọ̀ jù ní ilẹ̀ òkèèrè, ló fa ooru náà. Àwọn ará ìlú tún ń nàka ẹ̀bi sí iṣẹ́ epo rọ̀bì tó wà nítòsí wọn. Igbá tí wọn kò jẹ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń rù. Nípa báyìí, a kò lè fi òwe náà dẹ́rù ba ẹni tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn mọ́, nítorí ọ̀nà jíjìn ni ẹni tí yóò ru igbá rẹ̀ wà, tàbí kí wọ́n má tíì bí i. Ìtìjú ló kù tó lè dá ọwọ́ rẹ̀ dúró, ìtìjú kò sì lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò jókòó rò ó. Níbi tí agbára òwe dín kù sí yìí ni àṣàrò ti wúlò jù.

Findhorn pẹ̀lú rí tirẹ̀. Owó tó ń wọlé lọ́wọ́ àlejò ló gbé àjọ náà ró, nígbà tí àrùn Kòrónà sì ti pápákọ̀ òfuurufú pa, àlejò kò dé mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, iná jó gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń jẹun pọ̀ àti yàrá àṣàrò tó tóbi jù, ẹnì kan ló dìídì ti iná bọ̀ wọ́n. Ọjà gbówó lórí lẹ́yìn ìyẹn. Ní ọdún 2023 àjọ náà dá ìpàgọ́ àti ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun ìní. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò kó lọ. Láti ọdún 2001 ni wọ́n ti ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, Ekopia, tí wọ́n ń dáwó sí, tó tẹ eko, tó sì ti bá wọn ra ṣọ́ọ̀bù àdúgbò. Nígbà tí àjọ kógbá wọlé, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó jọ láti ra díẹ̀ nínú ilẹ̀ àti ilé tó fi sílẹ̀.