Ẹṣin Alágbára, Ìjánu Rẹ̀ Ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ó ń gba èbúté Kútọnú wọlé. Bí olùrà bá dé ibi tí wọ́n ti ń tà wọ́n, agbára ẹ́ńjìnì ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ìtàn ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan tí òkìkí rẹ̀ kàn fi èyí hàn.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1964, ilé-iṣẹ́ Ford gbé Mustang jáde ní New York. Orúkọ ẹṣin ìgbẹ́ ni Mustang ní Amẹ́ríkà. Ilẹ̀kùn méjì ni ọkọ̀ náà ní. Imú rẹ̀ gùn, ìdí rẹ̀ kúrú. Iye rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 2,368. Kí ọdún méjì tó pé, wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù kan.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńjìnì rẹ̀ ní agbára ẹṣin 271. Àmọ́ ìjánu rẹ̀, èyíinì ni ohun tí ń dá ọkọ̀ dúró, kò bá agbára yìí dọ́gba. Inú irin roboto bí ìlù ni ìjánu náà wà. Bí awakọ̀ bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra lórí eré, ooru á há sínú rẹ̀, kò sì ní í di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú dáadáa mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìjánu aláwo, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ní láti fi owó kún owó.

Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, àyè tí ìjánu nílò láti dá a dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Títì Kútọnú kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Zémidjan gbé ìyá àti ọmọ; aláàárù ń lọ sí Dantokpa; ọmọ iléèwé fẹ́ sọdá. Àwọn kan á ní olówó ni ó mọ ohun tí ó wu òun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n olówó nìkan kọ́ ni ó ni títì.

Nítorí náà, kí olùrà tó kówó sílẹ̀, kí ó pe mẹkáníìkì tí ó gbẹ́kẹ̀ lé. Kí wọ́n tú ẹsẹ̀ ọkọ̀, kí wọ́n yẹ ìjánu wò, kí wọ́n sì dán an wò níbi tí kò sí èrò. Ọkọ̀ tí kò lè sáré á pẹ́ kí ó tó délé. Èyí tí kò lè dúró lè má délé rárá.