Ẹ̀rí Ojú Kò Tó fún Omi Mímu

Àwọn àgbà sọ pé omi kò lọ́tàá, nítorí kò sí ẹni tí ó lè wà láìmu ún. Ṣùgbọ́n omi tí kò lọ́tàá yìí a máa gbé ọ̀tá wọlé. Ní ọdún 2021, àrùn onígbáméjì pa ènìyàn tí ó lé ní 3,500 ní Nàìjíríà, kò sì yọ Abuja, olú-ìlú ìjọba àpapọ̀, sílẹ̀. Àwọn ará àárín ìlú ń rí omi ẹ̀rọ láti inú adágún Usuma; ọ̀pọ̀ ará abúlé ní Kwali, Abaji àti Kuje ṣì ń pọn omi odò àti ti kànga.

Bí omi bá ti mọ́ gaara, tí kò sì rùn, ọ̀pọ̀ a gbà pé ó dára. Ojú ni ó ń tàn wọ́n. Àyẹ̀wò nìkan ni ó lè tú àṣírí kòkòrò àrùn. Àwọn onímọ̀ kì í wá gbogbo kòkòrò lọ́kọ̀ọ̀kan, E. coli, tí ń gbé inú ìfun ènìyàn àti ẹran, ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá rí i, ìgbẹ́ ti dé inú omi náà nìyẹn, onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun sì lè tọ ọ̀nà kan náà wọlé. Ìlànà omi mímu ní Nàìjíríà kò gba ẹyọ kan ṣoṣo nínú mílílítà 100.

Àwọn kan lè béèrè pé kí ni àǹfààní àyẹ̀wò fún ẹni tí kò ní omi mìíràn. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ó mọ̀ yóò se omi rẹ̀ kí ó tó mu ún, tàbí kí ó bu oògùn apakòkòrò sí i. Abúlé tí ó mọ̀ yóò gbé ṣálángá jìnnà sí kànga.

Nítorí náà, kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ó wà ní Abuja máa yẹ odò àti kànga wò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí àgbàrá bá ń gbá ẹ̀gbin lọ sódò. Kí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sí etí omi ní èdè tí àwọn tí ń pọn ọ́n gbọ́, ìbáà ṣe Gbagyi tàbí Hausa. Èsì tí a tì mọ́ inú fáìlì kò gba ẹnikẹ́ni là. Àìsàn ni à ń wò, a kì í wo ikú.