Ẹ Dẹ̀yìn Lẹ́yìn Ara Ọmọ Ọlọ́mọ

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará ọjà, ẹ̀yin tí a jọ ń wọ aṣọ ẹbí lọ́jọ́ Sátidé, ẹ gbọ́. Bí a bá pàdé lóde àríyá, kí a tó béèrè àlàáfíà ara wa, ìbàdí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ la máa ń kọ́kọ́ wò. "Há, Ìyá Bọ̀dé, ẹ mà ti sanra o!" "Fọlákẹ́, kí ló gbẹ ọ́ báyìí? Ṣé wọn ò fún ọ lóúnjẹ nílé ọkọ ni?" A ó rẹ́rìn-ín, a ó sì jókòó ti ìrẹsì wa. Ẹni tí a sọ ọ́ sí lè má fọwọ́ kan tiẹ̀ mọ́.

Ọmọ kan náà tí ìyá àgbà ń bá wí pé kò jẹun tó, òun ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní orobo níléèwé. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ sì ń fi àwọn lẹ́pa hàn án láti àárọ̀ dalẹ́. Ti ta ni kó ṣe?

Irú ìdààmú yìí ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Fíjì, níbi tí wọ́n ti ka ara tó kún sí iyì bíi tiwa. Tẹlifíṣọ̀n dé agbègbè Nadroga ní 1995. Anne Becker, dókítà ọpọlọ láti Amẹ́ríkà, wádìí lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin iléèwé níbẹ̀ lọ́dún náà: kò sí ọ̀kan tó ní òun ń mọ̀ọ́mọ̀ bì nítorí àtitẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tó tún wádìí ní 1998, ó lé ní 11 nínú 100 tó jẹ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má pe wàhálà oúnjẹ jíjẹ yìí ní afẹ́ òyìnbó. Àìsàn ọpọlọ ni. Ẹlòmíì kì í jẹun títí egungun fi yọ, síbẹ̀ ara rẹ̀ ṣì tóbi jù lójú ara rẹ̀. Ẹlòmíì á jí oúnjẹ jẹ lóru, ojú á tì í, á lọ bì í. Ẹlòmíì á jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láìbì, á wá sanra. Òun gan-an la máa ń bú ní alájẹkì.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń febi pa ọmọ kó lè fọn, ẹ gbọ́ eléyìí. Láàárín 1944 sí 1945, ní Yunifásítì Minnesota, Ancel Keys dín oúnjẹ àwọn ọ̀dọ́kùnrin 36 tó yọ̀ǹda ara wọn kù sí bí ìdajì fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Oúnjẹ gba gbogbo ọkàn wọn. Ìwé oúnjẹ sísè ni àwọn kan ń kà ṣáá. Wọ́n ń kanra, inú wọn bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n dá oúnjẹ padà, àwọn mìíràn jẹ àjẹbì, ọkàn wọn ò yó. Ọkùnrin tára wọn le ni wọ́n o! Kí lẹ wá fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́tàlá ṣe, tí ẹ ń ka ẹran inú ọbẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́?

Ẹ sọ tíì tó ń múni yàgbẹ́, tí ẹ ń mu kí ẹ lè fọn, nù. Bíbì lemọ́lemọ́ àti ìgbẹ́ ọ̀ràn-an-yàn a máa fa iyọ̀ tí ọkàn fi ń lù déédéé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè pani.

Bí ọmọ bá ń sá lọ sílé ìtọ̀ lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ, tí nǹkan oṣù rẹ̀ sì dúró, ẹ fi sùúrù bi í léèrè, níkọ̀kọ̀. Ẹ gbàdúrà bí ẹ bá fẹ́, àmọ́ ẹ mú un dé ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn tàbí ilé ìwòsàn Aró l'Ábẹ́òkúta. Kì í ṣe ẹni tó ń fa aṣọ ya nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.